Òfin Mẹ́wàá Lára Ògiri Kíláàsì: Ìtàn Àríyànjiyàn Kan ní Ilé-Ìwé Ìjọba Amẹ́ríkà, 1842 sí 2025

Ìfáárà

Bí a bá bi àgbàlagbà méjì ní ilẹ̀ Yorùbá léèrè ohun tí òfin keje nínú Òfin Mẹ́wàá sọ, ìdáhùn wọn lè má bára mu, síbẹ̀ kí àwọn méjèèjì jàre. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé Áńgílíkà tàbí ti Onítẹ̀bọmi yóò ní panṣágà ni òfin keje kọ̀. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà yóò ní olè jíjà ni. Ipò kẹfà ni panṣágà wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Kò sí èyí tí ó ṣìnà nínú wọn. Ìwé Ẹ́kísódù àti Diutarónómì, níbi tí òfin náà ti jáde, kò sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó jogún rẹ̀ ni wọ́n pín in. Àwọn Júù ka gbólóhùn tí Ọlọ́run fi sọ ẹni tí Òun í ṣe sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn Àgùdà àti àwọn ọmọ ìjọ Lútérì so òfin tí ó kọ ọlọ́run mìíràn pọ̀ mọ́ èyí tí ó kọ ère, wọ́n sì pín ojúkòkòrò sí méjì kí iye náà lè pé mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tó kù ya òfin ère sọ́tọ̀, wọ́n sì ka ojúkòkòrò sí ẹyọ kan.

Nínú ilé ìjọsìn, ìyàtọ̀ yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Olúkúlùkù ń ka tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa yí padà nígbà tí ìjọba bá sọ pé òun yóò lẹ Òfin Mẹ́wàá mọ́ ara ògiri kíláàsì tí ọmọ gbogbo ìlú ń jókòó sí. Àròkọ yìí tọ ipa ìtàn àríyànjiyàn náà ní Amẹ́ríkà, láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di ọdún 2025. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé kí ọ̀rọ̀ mímọ́ kan tó dé ara ògiri, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ yan ẹ̀dà tí wọn yóò lẹ̀, àti pé níbi yíyàn náà gan-an ni ìjọba ti ń dá ẹjọ́ láàárín ìjọ àti ìjọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí rò pé ìjà onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ ni ìjà yìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn Kristẹni fúnra wọn ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bíbélì ta ni? Philadelphia àti Boston

Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé-ìwé tí gbogbo ọmọ lè lọ sílẹ̀, àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ gbà pé àwọn ti rí ọ̀nà tí àwọn yóò fi yẹra fún ìjà ìjọ. Wọ́n ní kí a máa ka Bíbélì, kí olùkọ́ má sì ṣe àlàyé kankan lé e lórí. Horace Mann, tí ó jẹ́ akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Massachusetts láti 1837 sí 1848, wà lára àwọn tí a mọ̀ jùlọ mọ́ èrò yìí. Lójú rẹ̀, Bíbélì tí a kà láìsí àlàyé kì í ṣe ti ìjọ kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n ń kà ni èyí tí Ọba James ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí a túmọ̀, tí ó jáde ní 1611. Àwọn Àgùdà ní ẹ̀dà tiwọn, èyí tí à ń pè ní Douay, tí àlàyé ìjọ wà nínú rẹ̀. Lójú tiwọn, kíkà láìsí àlàyé fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọ kan: ẹ̀kọ́ tí ó ní ẹnikẹ́ni lè ka ìwé mímọ́ kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti yé e. Ohun tí Mann pè ní àárín gbùngbùn jẹ́ apá kan pàtó lójú ẹni tí ó wà ní apá kejì.

Ní 1842, Francis Kenrick, Bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ní Philadelphia, kọ̀wé sí àwọn alábòójútó ilé-ìwé ìlú náà pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ Àgùdà máa ka ẹ̀dà tiwọn. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn kálẹ̀ pé ńṣe ni àwọn Àgùdà fẹ́ lé Bíbélì kúrò ní ilé-ìwé. Ẹ̀tanú sí àwọn ará Ireland tí ó ń ya wọ ìlú náà bu epo sí iná ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Karùn-ún 1844, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Kensington. Ní oṣù Keje, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Southwark. Wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì St. Michael àti ti St. Augustine, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàdánù ẹ̀mí wọn.

Bí ti Philadelphia bá jẹ́ ìjà lórí Bíbélì lápapọ̀, ti Boston dá lórí Òfin Mẹ́wàá fúnra rẹ̀. Òfin tí Massachusetts ṣe ní 1855 ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa ka Bíbélì lójoojúmọ́ ní ilé-ìwé ìjọba, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ́pọ̀ sì ni òfin náà dárúkọ. Ní oṣù Kẹta 1859, ní ilé-ìwé Eliot ní Boston, wọ́n ní kí ọmọdékùnrin Àgùdà kan tí ń jẹ́ Thomas Whall ka Òfin Mẹ́wàá sókè bí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ṣe ń kà á. Ó kọ̀. McLaurin Cooke, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé náà, fi pàṣán nà án lọ́wọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Àgùdà mìíràn kọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ̀, wọ́n sì lé wọn kúrò ní ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, adájọ́ sì dá olùkọ́ náà láre.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí ọmọ yìí kọ̀. Kò sọ pé òun kò mọ Òfin Mẹ́wàá, kò sì sọ pé kì í ṣe òfin Ọlọ́run. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń kà á nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀dà tí ó ya òfin ère sọ́tọ̀ ni ó kọ̀, nítorí pé wọ́n ti máa ń fi òfin náà bá ìjọ rẹ̀ wí nípa àwòrán àti ère àwọn ẹni mímọ́. Ọmọ tí ó gba Òfin Mẹ́wàá gbọ́ ni wọ́n nà nítorí Òfin Mẹ́wàá.

Ẹnìkan lè béèrè pé níbo ni ìwé-òfin Amẹ́ríkà wà nígbà náà. Àtúnṣe Kìn-ín-ní tí wọ́n ṣe sí i, tí ó di òfin ní 1791, ti sọ pé Ilé-Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò fi ẹ̀sìn kan múlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe èyí tí yóò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dè nígbà náà. Ó di 1947 kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ pé ìkàléèwọ̀ fífi ẹ̀sìn múlẹ̀ de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń ronú ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Ní 1869, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé Cincinnati fòpin sí kíka Bíbélì, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìpínlẹ̀ Ohio sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní 1890, ti ìpínlẹ̀ Wisconsin sọ pé kíka ẹ̀dà Ọba James nínú ilé-ìwé ìjọba jẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọ kan pàtó. Àwọn òbí Àgùdà ni wọ́n pe ẹjọ́ ti Wisconsin.

Láti orí kíkà dé ara ògiri

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni a ń wí: Bíbélì tí a ń kà sókè, òfin tí a ń ké lórí. Ara ògiri yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ North Dakota ṣe òfin ní 1927 pé kí wọ́n gbé Òfin Mẹ́wàá kọ́ sí kíláàsì ilé-ìwé ìjọba. Òfin yẹn wà fún ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ kí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó wọ́gi lé e ní 1980.

Láàárín àkókò yẹn, ẹjọ́ ńlá méjì ti yí ojú ọ̀nà padà. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Engel v. Vitale, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yẹ àdúrà kan wò tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ New York kọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ méjìlélógún péré ni àdúrà náà ní ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dìídì kọ ọ́ kí ó lè bá gbogbo ìjọ lára mu. Ilé-ẹjọ́ sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti máa kọ àdúrà fún ará ìlú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ Abington v. Schempp, wọ́n fòpin sí òfin Pennsylvania tí ó ní kí a máa ka ẹsẹ Bíbélì mẹ́wàá, ó kéré tán, láìsí àlàyé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Èrò tí Mann gbé kalẹ̀ ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú wó lulẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ní 1978, ìpínlẹ̀ Kentucky gba ọ̀nà mìíràn yọ. Òfin rẹ̀ ní kí a lẹ Òfin Mẹ́wàá mọ́ ara ògiri gbogbo kíláàsì ilé-ìwé ìjọba, nínú ìwé àlẹ̀mógiri tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 16, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 20. Owó ìtọrẹ ni wọn yóò fi rà á, kì í ṣe owó ìjọba. Kò sí kíkà sókè, kò sí àdúrà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, wọn yóò kọ ọ́ pé ohun tí ó wà níbẹ̀ wúlò fún ìlú láìka ti ẹ̀sìn sí, nítorí pé òun ni ó di ìpìlẹ̀ òfin ọ̀làjú Ìwọ̀-Oòrùn ayé àti ti Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 1980, nínú ẹjọ́ Stone v. Graham, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọ́gi lé òfin náà. Adájọ́ márùn-ún gbà bẹ́ẹ̀, mẹ́rin kò gbà. Àwọn tí ó borí sọ pé lẹ́tà wínníwínní kò lè bo ohun tí ó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òfin Mẹ́wàá kò mọ sórí ìpànìyàn àti olè jíjà. Apá kìn-ín-ní rẹ̀ sọ ti ẹni tí a gbọdọ̀ sìn, ti orúkọ Rẹ̀ àti ti ọjọ́ ìsinmi Rẹ̀. Wọ́n fi kún un pé kò sí ohun tí ó burú nínú lílo Bíbélì fún ẹ̀kọ́ ìtàn, ìwà tàbí ìfiwéra ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni ìwé tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ kankan, tí a kàn gbé kọ́ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ lè máa wò ó kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Adájọ́ William Rehnquist, lára àwọn tí kò gbà, sọ pé ó yẹ kí wọ́n gba ohun tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé ó wà lọ́kàn àwọn gbọ́.

Àríwísí kan wà tí ó tọ́ sí àkọsílẹ̀ Kentucky, tí ó sì ti ọ̀dọ̀ onígbàgbọ́ wá. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí Òfin Mẹ́wàá bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ta ni ó fún aṣòfin láṣẹ láti kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ìtàn òfin ìlú lásán ni? Kí ọ̀rọ̀ mímọ́ lè wọ kíláàsì, ìjọba ní láti bọ́ aṣọ mímọ́ lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Òkúta Texas àti ìwé Louisiana

Láti mọ ibi tí ẹ̀dà òde òní ti wá, ó di dandan kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Fraternal Order of Eagles bẹ̀rẹ̀ sí í fi Òfin Mẹ́wàá ta ìlú lọ́rẹ káàkiri Amẹ́ríkà. E. J. Ruegemer, adájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Minnesota, ni ó dá èrò náà. Nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀dà àwọn ìjọ kò bára mu, ẹgbẹ́ náà bá ìgbìmọ̀ tí ó ní oríṣiríṣi ẹ̀sìn nínú jókòó kí wọ́n lè ṣe ẹ̀dà tí kò ní jẹ́ ti ìjọ kan. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí wọ́n gbẹ́ ọ sí ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọgbà ilé ìjọba Texas ní 1961. Ní 2005, nínú ẹjọ́ Van Orden v. Perry, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gba òkúta náà láàyè, márùn-ún sí mẹ́rin. Rehnquist, tí ó ti di Adájọ́ Àgbà nígbà náà, wà lára àwọn tí ó borí. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Stephen Breyer, tí ìbò rẹ̀ yanjú ẹjọ́ náà, tọ́ka sí i pé òkúta náà wà láàárín ọ̀pọ̀ ohun ìrántí mìíràn, pé ó ti wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún láìsí ẹjọ́, àti pé kì í ṣe ọgbà ilé-ìwé, níbi tí ọkàn ọmọdé ti rọ̀, ni ó wà. Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ McCreary ní Kentucky yọ tirẹ̀ kúrò ní ilé-ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀dà orí òkúta Texas yẹn gan-an ni ìpínlẹ̀ Louisiana mú nígbà tí Gómìnà Jeff Landry buwọ́ lu òfin tuntun ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 2024. Òfin náà ní kí a lẹ Òfin Mẹ́wàá, tí kò gbọdọ̀ kéré ju ínṣì 11 sí ínṣì 14 lọ, mọ́ ara ògiri gbogbo kíláàsì ilé-ìwé ìjọba, láti ilé-ìwé àwọn ọmọdé títí dé yunifásítì. Texas àti Arkansas tẹ̀ lé e ní 2025. Ẹ̀dà tí Breyer gbà láàyè nítorí pé kò sí ní ilé-ìwé ni ó wá di ẹ̀dà tí òfin gbé wọ ilé-ìwé.

Ohun tí ó fún wọn ní ìgboyà ni ẹjọ́ Kennedy v. Bremerton ti 2022, nínú èyí tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pa òṣùwọ̀n tí wọ́n fi dá ẹjọ́ Kentucky tì, tí ó sì sọ pé ìtàn àti ìṣe àtẹ̀yìnwá ni kí a máa wò. Nítorí náà, òfin Louisiana kún fún ìtàn. Ó tọ́ka sí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ àtijọ́ bíi New England Primer àti àwọn ìwé kíkà McGuffey. Ó tún fi ọ̀rọ̀ kan sí ẹnu James Madison lórí Òfin Mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ kò rí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ kankan.

Níbi tí òfin bá ti di ìtàn, iṣẹ́ òpìtàn di iṣẹ́ ilé-ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ Roake v. Brumley tí àwọn òbí mẹ́sàn-án ìdílé pè, lára àwọn tí Kristẹni àti Júù wà, òpìtàn Steven Green jẹ́rìí pé kò sí àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nípa gbígbé Òfin Mẹ́wàá kọ́ sí kíláàsì ilé-ìwé ìjọba. Ní tòótọ́, Òfin Mẹ́wàá wà nínú àwọn ìwé àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìwé ṣeé pa dé. Olùkọ́ lè fo ojú ewé, òbí lè ra òmíràn. Ògiri kò ṣeé pa dé. Ó ń wo ọmọ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí aago ilé bá lù. Adájọ́ John deGravelles dá òfin náà dúró ní oṣù Kọkànlá 2024. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kín in lẹ́yìn ní oṣù Kẹfà 2025. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé-ẹjọ́ náà gbà láti tún un gbọ́. Nígbà tí ọdún 2025 ń parí lọ, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú wọn.

Ère, ọmọ olórìṣà àti ilé-ìwé tiwa

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀dà orí òkúta Texas ní òfin ère nínú. Nínú Bíbélì Yorùbá tí iṣẹ́ Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí, ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ohun tí òfin náà kọ̀ ni ère, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe ère ìbejì àti ère Ṣàngó. Àwọn ìdílé tí ń bọ òrìṣà wà ní Amẹ́ríkà lónìí, àti àwọn tí ẹ̀sìn wọn gba Kúbà kọjá àti àwọn tí ó gbà á níbẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ ni ó mú ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé. Òfin ìpínlẹ̀ ni yóò tún máa sọ fún un láti ara ògiri pé ohun tí ìyá rẹ̀ gbé sórí ojúbọ lòdì.

Àwọn ìdílé wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí Àtúnṣe Kìn-ín-ní. Ní 1987, ìgbìmọ̀ ìlú Hialeah ní Florida ṣe òfin tí ó fẹ́ dí ìjọ Lukumí Babalú Ayé, tí Ernesto Pichardo ń darí, lọ́wọ́ ẹbọ rírú. Ní 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ìjọ náà láre. Apá òsì ìwé-òfin náà ni ó gba olórìṣà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdíwọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni ẹjọ́ ògiri kíláàsì dá lé. Ẹni tí ó bá gé ọ̀kan yóò mú èkejì rọ.

Nílé, ìwé-òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ ní abala 10 pé ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba, abala 38 sì dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tàbí ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń jẹ́ orúkọ ìjọ tí ó dá wọn sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà wọ́n, àwọn ọmọ Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Nàìjíríà dá ẹjọ́ híjáàbù Èkó, ó sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin láàyè láti máa lò ó. Ẹjọ́ yẹn àti ti Louisiana kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ wọn sì la ojú ẹni. Ohun tí ọmọ bá fi bo orí ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ohun tí ìjọba bá lẹ̀ mọ́ ògiri ni ọ̀rọ̀ ìjọba.

Ìkádìí

Àwọn tí ó ń gbèjà òfin Louisiana ní ohun kan tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Òótọ́ ni pé Òfin Mẹ́wàá ní ipa nínú ìtàn òfin àti ìwà ní Amẹ́ríkà, òótọ́ sì ni pé ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yóò ka ọ̀pọ̀ ìwé láìlóye. Kíkọ́ ọmọ ní ìtàn yẹn kò lòdì sí ẹjọ́ kankan tí a mẹ́nu bà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá kọ́ ọ ní ìtàn náà ní láti kọ́ ọ dé òpin. Ó ní láti dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì méjì tí iná jó ní Philadelphia, kí ó sì sọ ìdí tí àwọn Júù, àwọn Àgùdà àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì fi ní òǹkà mẹ́ta fún òfin mẹ́wàá kan náà. Ìwé ínṣì 11 sí ínṣì 14 kò lè gba gbogbo ìyẹn. Olùkọ́ tí ó ní ìwé lọ́wọ́, tí ọmọ lè nawọ́ bi léèrè, lè sọ ọ́. Ní 1859, ìdáhùn Thomas Whall ni pé òfin tí wọ́n fẹ́ kí òun kà kì í ṣe bí wọ́n ti kọ́ òun. Ògiri kò ní etí tí yóò fi gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.